Ọṣẹ, Òrí àti Osùn: Bí Wọ́n Ṣe Ń Po Ohun Ìtọ́jú Ara Nílé Láyé Ìjọ́un

Ohun ìtọ́jú ara tí wọ́n ń pò nínú agbo ilé Yorùbá láàárín ọdún 1940 sí 1970 pín sí ọ̀nà mẹ́rin: ọṣẹ ìwẹ̀, ọ̀rá ìpara, ohun oge bí osùn àti làálì, àti ewé tí wọ́n ń gún mọ́ ọṣẹ tàbí ọ̀rá nígbà tí àrùn bá mú awọ ara. Ìyá àgbà inú ilé ló sábà máa ń mọ̀ ọ́n pò. Igbá, agolo mílíìkì àti àtẹ́lẹwọ́ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Imú, ahọ́n àti ìka ló fi ń yẹ iṣẹ́ wò. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà ní ètò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ ohun tí èròjà kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ó mọ èyí tó ń gba ara wọn mọ́ra àti èyí tó ń ba ara wọn jẹ́, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ dúró. Èròjà tó ń wọ inú àpòpọ̀ kan kì í sábà ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ.

Ọ̀rá ni ìpìlẹ̀. Àdín, epo pupa àti òrí ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Ara èkùrọ́ ni àdín ti ń wá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún epo ẹyìn tán, àwọn obìnrin àti ọmọdé á jókòó ti òkúta, wọn á máa pa èkùrọ́ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Wọn á sá ọmọ inú rẹ̀ sóòrùn, wọn á sì yan án nínú ìkòkò irin títí òróró dúdú yóò fi máa ṣàn jáde. Àdín dúdú nìyẹn, tí òórùn èéfín rẹ̀ kì í tètè kúrò lára aṣọ. Bí wọ́n bá gún ọmọ èkùrọ́ láìyan án, tí wọ́n sè é nínú omi, tí wọ́n sì ré òróró tó léfòó, àwọ̀ rẹ̀ á mọ́, òórùn rẹ̀ á sì fúyẹ́. Àdín dúdú ni wọ́n sábà máa ń fi se ọṣẹ, òun náà ni wọ́n sì ń fi pa ọmọ tí ara rẹ̀ bá ń gbóná. Ní etí òkun, láti Èkó dé Àgbádárìgì, níbi tí àgbọn ti pọ̀, àdín àgbọn náà ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ìdí tí àdín fi dára fún ọṣẹ hàn kedere. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ lauric acid, irú ọ̀rá yìí ló sì ń mú kí ọṣẹ tètè hó, àní nínú omi tútù. Ṣùgbọ́n ọṣẹ tí wọ́n bá fi àdín nìkan sè máa ń gbẹ awọ: ara á fún pinpin lẹ́yìn ìwẹ̀, á sì máa funfun nígbà ọyẹ́. Nítorí náà ni àwọn mìíràn ṣe ń bu epo pupa sí i. Ọṣẹ elépo kì í hó tó ti àdín, ṣùgbọ́n ó rọ ara lọ́rùn. Epo tó ti pẹ́, tó ti kan, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi sebẹ̀ mọ́, ni wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe nítorí ìṣúná nìkan. Nínú epo tó ti kan, àwọn ásíìdì ọ̀rá ti já kúrò lára ibi tí wọ́n so mọ́, wọ́n sì ń bá omi eérú pọ̀ wéré di ọṣẹ, bí omi náà kò bá tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ le. Ohun tí ìsebẹ̀ kọ̀ ni ìkòkò ọṣẹ ń wá.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni òrí ti ń wá. Igi ẹmi tó ń so èso rẹ̀ wọ́pọ̀ ní agbègbè Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì, ó sì wà dé ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Wọn kì í sábà gbìn ín. Àgbẹ̀ tó bá ń ṣán oko á kàn dá a sí, nítorí ó lè tó 20 ọdún kó tó so dáadáa. Nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ni èso rẹ̀ máa ń já sílẹ̀. Àwọn obìnrin á ṣà á, wọn á se hóró rẹ̀, wọn á sá a, wọn á pa á, wọn á yan án, wọn á gún un, wọn á lọ̀ ọ́ kúnná, wọn á wá máa fi ọwọ́ lù ú nínú omi títí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó. Wọn á fọ ọ̀rá yìí, wọn á sè é kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, kí wọ́n tó kó o sínú igbá tàbí ewé lọ sọ́jà.

Ẹni tó mọ òrí rà máa ń wo ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni àwọ̀: èyí tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀ dára, èyí tó dúdú fi hàn pé hóró rẹ̀ ti jẹrà tàbí pé wọ́n ti yan án jù. Èkejì ni òórùn: òrí ní òórùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan. Ẹ̀kẹta ni omi. Wọn á fi ìka fa díẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́. Bí ó bá yọ́ tán láìfi ẹ̀kán omi sílẹ̀, ó ti jinná. Bí wọ́n bá gbé èyí tí omi wà nínú rẹ̀ kaná, yóò máa ta pàràpàrà, kì í sì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Òrí ń yọ́ ní nǹkan bí ìgbóná ara ènìyàn, nítorí náà iná tí wọ́n ń fi yọ́ ọ kì í pọ̀. Bó bá tutù díẹ̀díẹ̀, á di kókó-kókó bí iyanrìn. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń gbé ìkòkò rẹ̀ sínú omi tútù, tí wọ́n sì ń rò ó títí yóò fi dì.

Eérú ni ìkejì ọ̀rá nínú ọṣẹ, ṣùgbọ́n eérú ju eérú lọ. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ìdì ẹyìn tí wọ́n ti gba ẹyìn kúrò lára rẹ̀, àti èèpo kòkó ni àwọn olóṣẹ fẹ́ràn, nítorí potassium pọ̀ nínú wọn ju inú ọ̀pọ̀ igi ìdáná lọ. Èèpo kòkó tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ti ìbílẹ̀ lónìí kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni oníṣòwò Èkó kan, J.P.L. Davies, dá oko kòkó sílẹ̀ ní Ìjọ̀n, lápá Agége, lẹ́yìn náà ni irúgbìn náà tó tàn wọ Ìbàdàn, Iléṣà àti Òndó. Nígbà tó fi di ọdún 1940, òkìtì èèpo kòkó ti wà káàkiri oko, àwọn olóṣẹ sì ti sọ ọ́ di tiwọn. Wọ́n dán an wò, wọ́n rí i pé omi rẹ̀ le, wọ́n gbà á. Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe ń gba ohun tuntun wọlé: ohun tó bá ṣe iṣẹ́ eérú dáadáa, eérú ni.

Wọ́n á sá èèpo náà títí yóò fi gbẹ táútáú, wọ́n á sì sun ún títí eérú rẹ̀ yóò fi funfun. Wọ́n á kó eérú yìí sínú ajere tí wọ́n fi ewé tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á máa bu omi lé e díẹ̀díẹ̀, omi tó ń kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ á sì pọ́n rúsúrúsú. Bí omi eérú bá le tó, á máa yọ̀ láàárín ìka méjì, á sì ta ahọ́n. Bí kò bá ta, wọ́n á dà á padà sórí eérú, tàbí kí wọ́n sè é títí yóò fi ṣẹ́kù díẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké kì í sún mọ́ ibẹ̀, nítorí èyí tó le gan-an lè bó ènìyàn lọ́wọ́, ó sì lè fọ́ ojú.

Nígbà tí omi eérú bá hó, wọ́n á bu ọ̀rá sí i, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Rírò yìí lè gbà wọ́n títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò sí ìwọ̀n kan pàtó, nítorí eérú òní kì í le bákan náà pẹ̀lú ti àná. Ìkòkò ni wọ́n ń wò. Bí òróró bá ṣì ń léfòó lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, omi eérú kò tó, wọ́n á bù sí i. Bí wọ́n bá mú díẹ̀ tó ti tutù, tó sì ń ta ahọ́n bí ata, omi eérú ti pọ̀ jù, àdín ni wọ́n á bù sí i. Olóṣẹ tó gbọ́n máa ń jẹ́ kí ọ̀rá fi díẹ̀ borí, nítorí ọṣẹ tí eérú bá borí kò yẹ ara ọmọ. Bó bá ti ki, tó ń fà, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á pò ó, wọ́n á dì í sínú ewé, wọ́n á sì jẹ́ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó fi wẹ̀.

Potassium ló ń mú kí ọṣẹ dúdú rọ̀. Ọṣẹ ilé-iṣẹ́ le nítorí sodium ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìyàtọ̀ kejì wà nínú iyọ̀. Ní ilé-iṣẹ́, wọ́n sábà máa ń da iyọ̀ sí ọṣẹ kó lè ya kúrò lára glycerine, wọ́n á sì ta glycerine náà lọ́tọ̀. Iyọ̀ kì í wọ inú ìkòkò ọṣẹ dúdú, nítorí náà glycerine inú rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ó ń fa omi mọ́ra, òun sì wà lára ohun tó ń mú kí ọṣẹ dúdú tí wọn kò bò máa rin. Oyin tí àwọn mìíràn ń fi sí i ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Bó bá pọ̀ jù, ọṣẹ kì í dì mọ́.

Osùn ló ṣáájú nínú ohun oge. Inú igi osùn tó pupa ni wọ́n ń lò, wọ́n á máa fi omi lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi kúnná, wọ́n á mọ ọ́n rogodo, wọ́n á sì sá a. Osùn tí wọ́n bá fi amọ̀ pupa lù máa ń tètè rì sísàlẹ̀ omi, ó sì ń ha ọwọ́. Bí wọ́n bá ṣe pò ó tẹ̀lé ẹni tí wọ́n fẹ́ fi kùn. Fún àtẹ́lẹsẹ̀ ìyàwó, omi tó, nítorí kí àwọ̀ rẹ̀ hàn ni wọ́n ń fẹ́. Fún ọmọ tuntun àti abiyamọ, àdín tàbí òrí ni wọ́n fi ń pò ó, kó má baà gbẹ mọ́ ara kó sì máa fa awọ. Omi kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ aró inú osùn jáde. Ìyẹ̀fun rẹ̀ kàn ń dúró lórí awọ ni, ọ̀rá ló sì ń mú un lẹ̀ dáadáa.

Làálì yàtọ̀, nítorí ó ń wọ awọ. Wọ́n á gún ewé rẹ̀ tó ti gbẹ, wọ́n á fi omi àti ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó, wọ́n á sì dì í mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kíkan inú ọsàn ń jẹ́ kí aró náà jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó sì lè wọra. Ilé àwọn Mùsùlùmí ló ti wọ́pọ̀ jù, pàápàá lásìkò ìgbéyàwó àti ọdún. Tìróò tí wọ́n ń fi sójú wà nínú ẹrù oge kan náà, ṣùgbọ́n òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti fi ṣe é sábà máa ń ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ahọ́n àti ìka tí wọ́n fi ń yẹ ọṣẹ wò kò lè rí irú ewu yìí.

Ní ti ewé, àìsàn awọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mọ̀ kí wọ́n tó wá ewé rẹ̀. Ewé àsùnwọ̀n òyìnbó ni fún làpálàpá. Ìwádìí ti fi hàn pé èròjà tó ń pa irú olú tó ń fa làpálàpá wà nínú rẹ̀. Ejìnrìn ni wọ́n ń rà sínú omi ìwẹ̀ ọmọ tí ara bá ń yún. Dongóyárò náà wọ inú agbo yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé igi náà wọ Nàìjíríà. Imí ọjọ́ tí wọ́n lọ̀ mọ́ òrí tàbí àdín ni wọ́n ń fi pa ara tí èkúrú àti ìyún-ara bá mú, àwọn dókítà òyìnbó náà sì ti ń fi imí ọjọ́ ṣe ìpara tipẹ́tipẹ́. Ewé tí wọ́n bá fẹ́ gún mọ́ ọṣẹ, wọ́n á kọ́kọ́ sá a lábẹ́ òjìji. Ewé tútù ń gbé omi wọ inú ọṣẹ, ọṣẹ náà á sì bu. Bí ewé tútù bá di dandan, ìwọ̀nba èyí tí wọ́n máa lò tán láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń gún.

Òfin pípò kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń pa á mọ́. Omi kì í kan òrí: ọwọ́ tútù kì í wọ igbá rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í wọ inú ọṣẹ, nítorí kíkan rẹ̀ ń tú ọṣẹ padà sí ọ̀rá. Ẹni tó bá sì fi omi ọsàn para kó tó bọ́ sínú oòrùn lè rí i kí awọ rẹ̀ jó, kó sì dúdú. Ohun olóòórùn kẹ́yìn, ó sì kéré jù. Ti àgbà kì í ṣe ti ọmọ: ọṣẹ tí wọ́n fi ewé sí kì í kan ara ọmọ tuntun. Bí àpòpọ̀ bá jẹ́ tuntun, wọ́n á kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá, wọ́n á sì dúró di ọjọ́ kejì. Èèwọ̀ ilé náà ní ipò tirẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń bọ Èṣù, wọn kì í mú àdín sún mọ́ ojúbọ, nítorí èèwọ̀ rẹ̀ ni. Òrí àti ẹfun sì jẹ́ ti Ọbàtálá, nítorí náà wọn kì í fi wọ́n wọ́lẹ̀ nílé rẹ̀.

Kíkọ́ iṣẹ́ yìí ní àkàbà. Ọmọbìnrin á kọ́kọ́ máa fọ igbá, á máa pa èkùrọ́, á máa sun èèpo. Ọdún á gorí ọdún kí wọ́n tó ní kó tọ́ omi eérú wò. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ẹni tó bá ti mọ ìyàtọ̀ omi eérú tó le àti èyí tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń fi ìkòkò sílẹ̀ fún.

Ọjà ilé-iṣẹ́ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo èyí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Jálẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni epo pupa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń lọ sí ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1923 sì ni Lever Brothers dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó. Ọ̀rá kan náà ni, ṣùgbọ́n ọṣẹ tó ti ilé-iṣẹ́ jáde le, ó ń ta sánsán, wọ́n sì dì í sínú bébà. Ní àkókò owó epo rọ̀bì láàárín ọdún 1970 sí 1980, ọ̀pọ̀ ìdílé ìlú ńlá kó igbá òrí kúrò lórí tábìlì. Ọṣẹ dúdú di ohun tí wọ́n ń fura sí, bí ẹni pé gbogbo ẹni tó bá ń fi wẹ̀ ló ń fi ṣe oògùn. Àsìkò yìí kan náà ni ìpara abóra gbilẹ̀, tó fi jẹ́ pé Fela Anikulapo-Kuti fi àwo orin rẹ̀ "Yellow Fever" bẹnu àtẹ́ lù ú ní ọdún 1976.

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tó wáyé ní ọdún 1986, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SAP, sọ ọjà òkèèrè di ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ sì padà sí pípò nílé. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni wọ́n ń pò. Àwọn alápòpọ̀ ọjà á tú ìpara mẹ́rin, márùn-ún sínú ike kan, wọ́n á sì da ọṣẹ dúdú pọ̀ mọ́ kẹ́míkà olómi. Hydroquinone wà nínú ọ̀kan, steroid wà nínú òmíràn, nígbà mìíràn mercury pẹ̀lú. Ẹni tó ń pò ó kò mọ̀ bí èkínní ṣe le tó, kó tó di pé ó fi èkejì kún un. Irú oògùn báyìí lè jẹ́ kí awọ fẹ́lẹ́, kó sì jó dúdú ní ojú àti ìka, mercury sì ń ba kídìnrín jẹ́. NAFDAC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, ló ń mójú tó irú ọjà wọ̀nyí láti ìgbà náà. Ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi ń po àwọn ìpara yìí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ohun tí èròjà ń ṣe kò sí níbẹ̀ mọ́.

Òkè òkun pa díẹ̀ nínú ìmọ̀ àtijọ́ náà mọ́. Ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil, ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń pè ní sabão da costa, wọ́n sì ń pe òrí ní limo da costa. Láti etíkun Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó wọn lọ, inú àwọn ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Brazil, sì ni wọ́n ti ń lò wọ́n fún ìwẹ̀ àti fún orí. Onímọ̀ ará Faransé kan, Pierre Fatumbi Verger, kó ọ̀pọ̀ àpòpọ̀ ewé tó gbà lẹ́nu àwọn babaláwo ilẹ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé rẹ̀ "Ewé", tó jáde ní ọdún 1995. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń gún ewé mọ́.

Ọṣẹ dúdú àti òrí ti padà sórí àtẹ báyìí, nílé àti lẹ́yìn odi, nínú ìgò àti nínú ike. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà nínú ìgò ni wọ́n ti fi omi là, omi sì ni kòkòrò tí ojú kò rí ń wá. Nítorí náà ẹni tó bá ń pò ó gbọ́dọ̀ wá èròjà tí kò ní jẹ́ kó bàjẹ́, kó sì mọ ìwọ̀n rẹ̀ tí ara lè gbà. Àwọn àgbà yẹra fún ìṣòro yìí pátápátá: wọ́n yọ omi kúrò nínú òrí, wọ́n sá ewé kó tó kan ọṣẹ, wọ́n sì ń po èyí tí ilé lè lò tán.